Èsì sí “ìkánjú ìdàpọ̀”: ẹ jẹ́ ká wo ojú omi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ọ̀yọ́ sọ pé bí kẹ́míkà ṣe ń tètè ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀kán omi tíntìntín, “ìkánjú ìdàpọ̀” ni ká máa pè é. Omi tí a tẹ́ pẹrẹsẹ sórí gíláàsì, “fíìmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́”. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn.

Kí n tètè mú fíìmù kúrò ńlẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, yóò bi yín pé ta ló ṣe é, àbí ó ti ní apá kejì. “Omi fẹ́lẹ́” ti tó.

“Ìdàpọ̀” gan-an ló ń jà mí lọ́kàn. Iyọ̀ tó dà pọ̀ mọ́ omi, iyọ̀ ni síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo àwọn ìyá tó ń se ọṣẹ dúdú. Epo lọ́tọ̀, omi eérú lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa ṣe tán, ẹ ò ní rí epo mọ́, ẹ ò ní rí omi eérú mọ́, ọṣẹ ló délẹ̀. Ìyẹn ti kọjá ìdàpọ̀. Ìparadà ni.

Ẹ dúró ti ìkòkò yẹn díẹ̀ sí i. Kí ló dé tí ìyá ò fi lè gbé igi ìròṣẹ sílẹ̀? Epo àti omi kì í wọnú ara wọn. Ibi tí ojú epo ti kan ojú omi ni wọ́n ti ń ríra mú. Bó ṣe ń rò ó, epo ń já sí wẹ́wẹ́, ojú sì ń pọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹ̀kán kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1, ẹ fọ́ ọ sí ẹ̀kán tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú ìdá 1,000 mìlímítà kan. Yóò di bílíọ̀nù 1 ẹ̀kán. Omi ò lé, omi ò dín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lápapọ̀ ti di ìlọ́po 1,000.

Ní 2005, onímọ̀ kẹ́míkà Barry Sharpless àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà mú kẹ́míkà méjì tí kò lè yòrò nínú omi. Nígbà tí wọ́n pò wọ́n pọ̀ lásán, wákàtí 48 ni ìparadà náà gbà. Nígbà tí wọ́n rò wọ́n lórí omi, ìṣẹ́jú 10 péré! Onímọ̀ kẹ́míkà Graham Cooks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Purdue, ní Amẹ́ríkà bákan náà, rí irú rẹ̀ nínú ẹ̀kán tí wọ́n fi iná mànàmáná fọ́n sáfẹ́fẹ́, wọ́n sì rí i nínú omi fẹ́lẹ́ pẹ̀lú.

Kí ló fà á? Mólékù, ìyẹn ẹyọ kẹ́míkà tó kéré jù lọ, tó bá wà láàárín omi, omi dì mọ́ ọn yíká. Kó tó lè bá èkejì rẹ̀ ṣe ohunkóhun, ó ní láti kọ́kọ́ gbọn omi yẹn dànù, agbára ló sì ń ná. Èyí tó wà lójú omi, ìhà kan rẹ̀ ti wà ní ìhòòhò. Ẹnìkan lè ní gbígbẹ tí omi ń gbẹ ló ń mú kẹ́míkà ki, kí wọ́n lè tètè pàdé. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibo ni omi ń gbà jáde bí kò ṣe ojú náà?

Ìdí nìyí tí “ìkánjú” ò fi wọ̀ mí létí. Ẹni tó ń kánjú ló ń kánjú, a sì máa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn bá èèyàn wí. “Amúyára” náà ò bá a mu, torí ẹ ó ní láti fi í sílẹ̀ fún nǹkan tí a bù sínú kẹ́míkà kó lè yá. Níbí, a ò bu nǹkan kan sí i.

“Ìyára ojú omi” ni mo mú wá. Ó gba ẹ̀kán, ó gba omi fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ jiyàn pé ojú ni a fi ń ríran, kó kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú ọ̀nà ń wò fún wa.