Ṣé dandan ni kí wọ́n dí eyín tó máa padà ká?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí Táíwò lẹ́nu lánàá, mo rí ihò dúdú kan lára eyín ẹ̀yìn, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ọmọ ọdún 6 ni. Dókítà eyín ní kí á dí i. Bàbá rẹ̀ ní eyín tó máa ká fúnra rẹ̀, kí la fẹ́ dí i fún?

Bàbá Tọ́lá: Ìyá Ìbejì, ẹ má fi falẹ̀. Ti iwájú ló ń tètè ká. Ti ẹ̀yìn lè wà lẹ́nu títí ọmọ á fi pé ọdún 10 sí 12. Àwa dúró. Ihò náà wọlé títí kan iṣan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wú, kò sùn fún òru méjì. Wọ́n yọ eyín náà ni, ni àwọn tó kù bá ń sún sí àyè rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Háà! Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Ẹni tó ń sá fún kóòmù!

Àdùnní: Tí ihò bá kéré, nígbà míì kì í gba abẹ́rẹ́. Oògùn olómi kan tún wà tí wọ́n ń kùn ún, ó ń dá jíjẹrà dúró, àmọ́ ojú ibẹ̀ á dúdú kirikiri. Tí wọ́n bá gún un, ẹnu á kú fúngbà díẹ̀; ẹ ṣọ́ ọ kó má jẹ ètè rẹ̀ títí ara ibẹ̀ á fi jí. Ọmọ tèmi rò pé eré ni, ó jẹ tirẹ̀ títí ó fi bó.

Ìyá Ìbejì: Mo ti fi ìdáhùn Bàbá Tọ́lá han bàbá wọn. Ó ní ọjọ́ wo la ń lọ.