"Orin ohùn ẹ̀rọ" kọ́ ni orúkọ tó yẹ ẹ́

Ẹ kú làákàyè, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá "orin ohùn ẹ̀rọ" fún orin ìgbàlódé tí akọrin kan ṣoṣo máa ń kọ, tí ìró inú ẹ̀rọ sì ń bá a rìn. Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ẹ̀rọ ló ń kọrin. Òótọ́ ni pé a ń sọ pé ohùn ìlù, àmọ́ ìlù ń fọhùn, ó ń pe ènìyàn lórúkọ. Ti ẹ̀rọ, ìró ni.

"Àdákọ" tí wọ́n tún mú wá, ìyẹn orin tí ẹnìkan dá kọ, dára, ṣùgbọ́n tí a kò bá fi àmì sí i, "àdàkọ", ìyẹn ẹ̀dà nǹkan, ni ojú yóò kà. "Àdákọrin" ló tẹ́ mi lọ́rùn.

Ibi tó ti gba àròjinlẹ̀ ni ti ẹ̀rọ. Nínú Philomel, orin tí Milton Babbitt ṣẹ̀dá ní 1964, akọrin obìnrin kan, Bethany Beardslee, ń kọrin lójú àwùjọ, téèpù ń dá a lóhùn. Ohùn Beardslee kan náà wà lórí téèpù ọ̀hún, pẹ̀lú ìró synthesizer, ẹ̀rọ tó ń ṣẹ̀dá ìró. Ṣùgbọ́n téèpù kì í gbọ́ ohun tí akọrin ń kọ. Bó yá, bó pẹ́, ó ń lọ ní tirẹ̀ ni. Akọrin ló gbọ́dọ̀ bá a mu. Ẹ wá wo Pamela Z, akọrin ará Amẹ́ríkà. Ó kọ gbólóhùn kan, ẹ̀rọ gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ń dá a padà léraléra, obìnrin yìí sì ń kọ òmíràn lé e lórí. Òun ló ń lé, òun náà ló ń gbè! Ṣé orúkọ kan ṣoṣo ló yẹ kí méjèèjì máa jẹ́?

Nítorí náà, mo dábàá "àdákọrin orí ìró àgbàsílẹ̀" fún ti Babbitt, àti "àdákọrin pẹ̀lú ẹ̀rọ elégbè" fún ti Pamela Z. Gesang der Jünglinge, orin orí téèpù tí Stockhausen, ará Jámánì, parí ní 1956, tí ẹnìkan fi ṣe àpẹẹrẹ, kò sí níbẹ̀ rárá: ohùn ọmọdékùnrin wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò sí akọrin kankan lórí ìtàgé.

Èyí tí ẹ̀rọ kò gbè, tó kàn ń pa ohùn akọrin dà bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ńkọ́? "Ìpohùndà" ló wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó ń rán mi létí ẹni tó ń yí ohùn padà láti fi tan ni jẹ. Ẹ bá mi wò ó.