Iṣẹ́ ilé oúnjẹ ní Kábà: ṣé ó yẹ kó máa tì mí lójú?

Àǹtí_Bàólójì

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ìbéèrè kan, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi "iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́" dá mi lóhùn. Èmi fúnra mi ti kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ praimárì títí wọ́n fi ń kà á lójú oorun.

Mo gba NCE, Bàólójì ni mo kọ́. Oko iṣu ni màámi fi rán mi níwèé. Nígbà tí mo parí, mo rí iṣẹ́ tíṣà ní ilé ìwé aládàáni kan níbí ní Kábà. ₦22,000 ni wọ́n ń san lóṣù, ìyẹn bí wọ́n bá rántí san án. Tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, owó náà gba ìsinmi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọjá lọ́jà, "Àǹtí, ẹ káàárọ̀ o" ni lọ́tùn-ún lósì. Ìyá aláta máa ń bu èènì fún mi torí pé ọmọ ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì mi.

Lọ́dún tó kọjá, ilé oúnjẹ ìgbàlódé kan ṣí lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọbajánà. Mo kọ̀wé, wọ́n gbà mí. ₦48,000 lóṣù, oúnjẹ ọ̀sán wà níbẹ̀. Ìdí kántà ni mo wà. Èmi ni mò ń gba owó, èmi ni mò ń bu ìrẹsì, èmi ni mò ń fi ìwé di mítípáì. Ṣẹ́ẹ̀tì pupa là ń wọ̀, pẹ̀lú fìlà àti àwọ̀n tó ń kó irun mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń ti Èkìtì bọ̀ tí wọ́n ń lọ sí Àbújá ló ń jẹun lọ́dọ̀ wa, àti àwọn awakọ̀ tírélà sìmẹ́ńtì, àti àwọn ọmọ ilé ìwé tó jẹ́ pé fọ́tò ni wọ́n wá yà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹnì kan tí a jọ jókòó ní kíláàsì wọlé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó wò mí láti orí dé bàtà, ó ní, "Háà! Ṣé ìwọ lo wá ń ta ráìsì?" Ó rẹ́rìn-ín, ọkọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo bi í bóyá adìẹ ló fẹ́ àbí ẹja. Kí ni ǹ bá tún sọ?

Ìyẹn kò tilẹ̀ dùn mí tó ti ilé. Màámi ti sọ fún àwọn ìyá ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọ́fíìsì kan ní Lọ́kọ́jà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iwájú ilé oúnjẹ wa sì ni wọ́n máa ń gbà kọjá tí wọ́n bá ń lọ sípàdé, wọ́n a máa yà ra omi. Tó bá ti di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, màámi á ní kí n ṣe é kí n wà ní kíṣìnì lásìkò yẹn. Mo sì ń lọ! Mo máa ń dúró síbẹ̀, mo máa ń gé kábéèjì tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n gé.

Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé iṣẹ́ tó yẹ kó tini lójú nìyí? Ṣé kí n padà sídìí iṣẹ́ tíṣà?

Awakọ̀_Ìyàrá

Àbúrò mi, èmi ni mò ń gbé èrò láti Kábà lọ sí Àbújá. Kò sí èrò kan tó bi mí rí pé irú ìwé wo ni ẹni tó ta oúnjẹ fún òun ní. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé ṣé ilé ìtọ̀ wọn mọ́, ṣé omi wà níbẹ̀. Ibi tó bá dọ̀tí, mi ò kì í dúró níbẹ̀ mọ́, gbogbo èrò inú ọkọ̀ ló sì máa bá mi kọjá lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí kántà lẹ ń pinnu ibi tí mo ti ń páàkì, ẹ kò kàn mọ̀ ni.

Ẹni tó rẹ́rìn-ín yẹn, ṣé ó sanwó oúnjẹ tó jẹ? Ó san án. Ọ̀rọ̀ parí.

Ọmọ_Lọ́kọ́jà

Jeff Bezos tó dá Amazon sílẹ̀, McDonald's ní Miami ló ti ṣiṣẹ́ nígbà tó wà ní ọmọ ilé ìwé. Barack Obama náà bu áísìkiriìmù fún oníbàárà ní Baskin-Robbins ní Honolulu kó tó di ààrẹ. Ìtìjú wo ló wà níbẹ̀?

Yàgbà_Sòótọ́

Ẹ fi Bezos sílẹ̀ jàre. Ìgbà ọlidé ló fi ṣe é, yunifásítì sì ń dúró dè é. Ọmọ Kábà tó ti kàwé tán tí ilé ń wojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Èmi ò ní parọ́ fún ọ, arábìnrin. Lọ́dọ̀ wa, ó ń tini lójú, ẹ má jẹ́ ká ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Láti ìgbà tí míṣọ́nnárì Titcombe ti dé ilẹ̀ Yàgbà ní 1908 ni ìwé ti di nǹkan ìyì fún àwa Okun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí. Àwọn bàbá wa ta iṣu, wọ́n ta káṣú, kí ọmọ lè wọ Titcombe College ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí St. Augustine's ní Kábà. Ẹ lọ wo ìwé ètò ìsìnkú èyíkéyìí ní Ìsánlú tàbí Mopa, bí oyè ìwé àwọn ọmọ kò bá gba ojú ewé kan tán, ẹ wá bá mi wí. Níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ńkọ́? "Iṣẹ́ wo lọmọ yín ń ṣe?" ni ìbéèrè tó ń tẹ̀ lé àdúrà. Bí alága bá ní "ó ń bu ìrẹsì fún àwọn èrò ọ̀nà," àwọn àna á kọ́kọ́ wo ojú ara wọn ná.

Nítorí náà, màmá rẹ kò kórìíra rẹ, kò sì kórìíra iṣẹ́ rẹ. O ní oko iṣu ló fi rán ọ níwèé. Irọ́ tó ń pa ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, àwọn ebè tó kọ ló fi ń gbèjà.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí o máa ṣe é ná, ṣùgbọ́n kí o wá ọ̀nà àbájáde. Ìwé NCE rẹ lè gbé ọ wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Má dúró síbẹ̀ títí òórùn òróró yóò fi wọ inú irun rẹ.

Ìyá_Alásè_Ẹ̀gbẹ̀

Ọmọ mi, okun o. Mo ti kà gbogbo rẹ̀. Àwọn ọkùnrin yìí ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bèèrè ohun tí ò ń ṣe níbẹ̀ gan-an. Èmi ṣe súpáfáísọ̀ ní ilé oúnjẹ kan ní Lọ́kọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó padà wálé. Ní báyìí, oúnjẹ òde ni mò ń sè ní Ẹ̀gbẹ̀ àti àyíká rẹ̀, tìgbéyàwó tìsìnkú. Mi ò lówó rẹpẹtẹ, mi ò sì ní tàn ọ́ pé ìdí kántà ló máa sọ ọ́ di olówó.

Jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè Bàólójì. Ìrẹsì tí ẹ sè láago mẹ́sàn-án àárọ̀, ibo ló wà láago kan ọ̀sán? Tó bá wà nínú ẹ̀rọ tó ń mú un gbóná, ó dáa. Tí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́, tí máníjà ní kẹ́ ẹ má tíì tan jẹnẹrétọ̀ torí pé dísù wọ́n? Ìwọ ló yẹ kó o wá ṣàlàyé Bacillus cereus fún mi, kì í ṣe èmi fún ọ. Kòkòrò yẹn ní irú èso kan, spore ni wọ́n ń pè é, tí omi híhó kò lè pa. Ìrẹsì á jinná, èso náà á ṣì wà láàyè nínú rẹ̀. Bí ìrẹsì bá ti wá lọ́ wọ́ọ́wọ́, kòkòrò á jí, á máa bí sí i, á máa tu májèlé sínú oúnjẹ. Májèlé náà, kódà bẹ́ ẹ bá tún ìrẹsì yẹn gbé kaná, kò ní kúrò. Ìdí nìyẹn tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fi ní kí oúnjẹ gbígbóná má lọ sílẹ̀ ju 60°C lọ títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó máa jẹ ẹ́, kí oúnjẹ tó ti jinná má sì jókòó sílẹ̀ lásán ju wákàtí méjì lọ.

Mo ti bá àwọn tó gba dìgírì ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń po ìrẹsì àná mọ́ tòní. Mo sì bá ọmọbìnrin kan ṣiṣẹ́ tí kò parí sẹ́kọ́ńdírì. Lọ́jọ́ kan tí iná ti lọ láti àárọ̀, máníjà ń pariwo lé e lórí pé kó bu oúnjẹ fún oníbàárà, oníbàárà ti tò dé ẹnu ọ̀nà. Ó já ìbọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó nà án sí ọ̀gá, ó ní, "Ẹ bù ú fúnra yín, sà." Wọ́n da ìrẹsì yẹn nù. Láti ọjọ́ náà, òun ni mo máa ń tọrọ pé ká jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lásìkò kan náà. Àwọn èrò tó ń lọ sí Àbújá kò mọ̀ pé ẹnì kan gba inú àwọn là lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ tí ò ń sápamọ́ sí kíṣìnì nítorí rẹ̀ nìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé ẹni tó yẹ kójú máa tì là ń wá, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, bí owó tí a kà lálẹ́ bá dín, ara ọmọ tó wà nídìí kántà ni wọ́n ti ń gé e. Nígbà kan, POS gbówó lọ́wọ́ oníbàárà, owó kò wọlé sọ́dọ̀ wa. Wọ́n gé e lára ọmọ. Owó wọlé lọ́jọ́ kejì, mo fojú ara mi rí i, wọn kò dá tọmọ padà títí ó fi kúrò níbẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa kò gba ìyẹn láàyè. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tó fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́ kó tó gé kọ́bọ̀. Òfin náà ló ní kí wọ́n fún ọ ní ìwé tí wọ́n kọ owó oṣù rẹ àti wákàtí iṣẹ́ rẹ sí, kó tó pé oṣù mẹ́ta tí o wọṣẹ́. Ṣé wọ́n fún ọ?

Ọ̀rọ̀ owó náà nìyí. Láti 2024, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà, ìjọba Kogí sì gbé ti àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ dé ₦72,500. Ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá ti pé 25, òfin yìí kò mú wọn. Ka orí yín níbẹ̀, kó o ka àwọn tó ń fọ abọ́ àti mẹ́gáàdì mọ́ ọn. Bẹ́ ẹ bá pé, ₦48,000 yẹn lọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Mi ò ní kó o lọ bá ọ̀gá jà, wọ́n lè lé ọ, mo mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n mọ ohun tó tọ́ sí ọ.

Kó o padà sí ₦22,000? Nítorí kí ni? "Àǹtí, ẹ káàárọ̀" ni wọ́n fi ń san ìyókù owó yín fún yín ní ilé ìwé yẹn. Èènì ata kì í san owó ilé. Ẹni tó ní kó o lọ sí yunifásítì, ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Bó bá sì rí owó rẹ̀, kó fi ránṣẹ́.

Ní ti màmá rẹ, má bá a fa ọ̀rọ̀, má sì tú u ní àṣírí lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń bọ̀, dúró sídìí kántà rẹ. Kúnlẹ̀ kí wọn, kó o ta omi fún wọn.

Yàgbà_Sòótọ́

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Owó yunifásítì náà, èmi gan-an ṣì ń wá tèmi.

Àǹtí_Bàólójì

Ẹ ṣé gan-an, màmá. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n awakọ̀, ẹ máa yà sọ́dọ̀ wa, ilé ìtọ̀ wa mọ́.

Bacillus cereus! A kọ́ ọ lóòótọ́, mo yàwòrán rẹ̀ nínú ìdánwò, kò sọ sí mi lọ́kàn rárá pé ìrẹsì iwájú mi ni. Wọn kò fún mi ní ìwé kankan, mo ti ju oṣù mẹ́ta lọ dáadáa níbẹ̀. Mo máa bèèrè ní ìparí oṣù tí ọ̀gá bá wá sanwó, inú rẹ̀ máa ń dùn díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ní ti orí, a kò pé 25, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú mẹ́gáàdì.

Mo sọ fún màámi pé mi ò ní wọ kíṣìnì lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Kò dáhùn. Nígbà tó yá, ó bi mí pé ṣé mítípáì tí à ń tà yẹn tilẹ̀ dùn. Mo ní kó wá rà á.

Ìbéèrè kan ló kù. Òróró tí a fi ń din adìẹ ti dúdú, máníjà sì ní ó ṣì dára. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ ìgbà tó yẹ ká dà á nù?

Ìyá_Alásè_Ẹ̀gbẹ̀

Dúdú nìkan kọ́. Bó bá ti ń rú èéfín kí adìẹ tó wọ inú rẹ̀, bó bá ń yọ ìfófòó tí kì í tètè lọ, bó bá ki tí òórùn rẹ̀ sì ti kan, ẹ dà á nù. Ẹ máa sẹ́ ẹ ní alaalẹ́ lẹ́yìn tó bá tutù, torí èérún tó ń jóná sínú rẹ̀ ló ń tètè bà á jẹ́. Kí ẹ má sì wọ́n iyọ̀ sórí adìẹ nígbà tó bá ṣì wà lórí òróró. Kọ ọjọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ sórí ìwé, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí máníjà ti máa ń rí i.