Ǹjẹ́ àkọsílẹ̀ ẹyẹ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe lè dáàbò bo igbó?

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì, Ìbàdàn:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Mo gbọ́ pé àwọn ará ìlú tí kì í ṣe onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń bá àwọn oníwádìí kọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, ó sì wù mí kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ girama dara pọ̀ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ju ẹ̀gà, àdàbà àti lékeléke lọ, ẹ̀rù sì ń bà mí pé a lè fi àṣìṣe ba iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn jẹ́. Èyí tó tún wúwo jù lọ́kàn mi ni pé igbó ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ wa ń dín kù bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i, mi ò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé ẹyẹ kíkà nìkan ló máa gbà á là. Kí ni irú iṣẹ́ yìí ń ṣe fún àyíká gan-an?

Olùyọ̀ǹda, Jos:

Olùkọ́ wa, ẹ kú àníyàn àwọn ọmọ. Iṣẹ́ tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ ni Nigerian Bird Atlas Project, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, tí ilé ìwádìí ẹyẹ A.P. Leventis ní Jos níhìn-ín sì wà lára àwọn tó ń darí rẹ̀. Wọ́n pín gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà sí ìpín kéékèèké tí à ń pè ní pentad, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bíi kìlómítà 9 ní òró àti 9 ní ìbú. Ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ yóò lo wákàtí 2, ó kéré tán, nínú ìpín kan, yóò gbìyànjú láti dé oko, odò, igbó àti àárín ilé tó bá wà níbẹ̀, yóò sì máa kọ gbogbo ẹyẹ tó bá rí tàbí tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ sórí áàpù BirdLasser, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ó lè máa fi kún un títí di ọjọ́ karùn-ún.

Ìlànà yẹn ló ń sọ ọ́ di ìwádìí, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ẹni tó kọ ọ́. Nítorí pé a mọ àkókò tí èèyàn lò, tí a sì mọ̀ pé gbogbo ohun tó dá mọ̀ ló kọ, ẹyẹ tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ náà ń sọ nǹkan fún wa. Bí èèyàn mẹ́wàá bá wo ìpín kan, tí mẹ́sàn-án nínú wọn rí àgbìgbò, tó wá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú mẹ́wàá ló rí i ní ìpín kejì, a ti ní ohun tí a lè fi wéra. Ní ti àṣìṣe, ẹyẹ tí kò bá dá ọmọ lójú, kó má kọ ọ́ rárá.

Ọmọ Ìbàdàn:

Ẹ má fojú kéré lékeléke o. Wọ́n máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, púpọ̀ nínú wọn a sì gba apá àríwá lọ bí òjò bá dé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo ibì kan náà ní oṣù kìíní àti ní oṣù keje, wọn yóò fojú ara wọn rí i.

Ìlú wa pàápàá ní ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Ibadan malimbe, ìbátan ẹ̀gà, tí akọ rẹ̀ dúdú, tí orí àti àyà rẹ̀ sì pupa. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n ní gbogbo ayé, ó sì wà nínú ewu àkúrun nítorí igbó tó ń tán. Igbó inú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn níhìn-ín, wà lára ibi tó ṣì ń gbé. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Ìbàdàn mọ̀ ọ́n.

Agbẹjọ́rò, Abẹ́òkúta:

Òótọ́ ni olùkọ́ sọ, àkọsílẹ̀ kò lè dá ẹ̀rọ ìgégi dúró fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin àyẹ̀wò ipa lórí àyíká tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 1992 sọ pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò kí iṣẹ́ ńláńlá tó bẹ̀rẹ̀, ó sì fún ará ìlú láàyè láti sọ èrò wọn. Ẹni tó bá mú àkọsílẹ̀ ọlọ́dún púpọ̀ lọ síbẹ̀, tí ọjọ́ àti wákàtí wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò fìdí múlẹ̀ ju ti ẹni tó kàn sọ pé ẹyẹ pọ̀ níbẹ̀ lọ. Ní ti ilé tí olúkúlùkù ń kọ́, ẹ má gbára lé òfin yìí. Ẹ mú àwọn ọmọ àti àkọsílẹ̀ wọn lọ bá baálé àti àwọn tó ni ilẹ̀ náà.

Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá rí ìtẹ́ odídẹrẹ́ tàbí ti igún, ẹ má gbé ibi tó wà síta. Àwọn tó ń mú odídẹrẹ́ tà àti àwọn tó ń wá igún fún oògùn náà ń lo íntánẹ́ẹ̀tì.

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì, Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọmọ tí kò ní fóònù ńkọ́?

Olùyọ̀ǹda, Jos:

Fóònù kan tó fún ọ̀wọ́ kan, ì báà jẹ́ tiyín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan máa kọ ọ́ sínú ìwé bákan náà, nítorí bátìrì lè kú, kí àwọn tó kù sì máa wo òkè.