Mo ra àwo, mo rò pé orin ni

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Dọ́là kan ni mo ra àwo kan tó ń jẹ́ The First Family ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù kan nítòsí ilé mi ní Maryland, ní Amẹ́ríkà. Mo rò pé orin ni. Mo gbé abẹ́rẹ́ lé e, ni mo bá gbọ́ ohùn Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà kan. Àṣé Vaughn Meader, aláwàdà, ló ń sín in jẹ. Ó ju mílíọ̀nù 7 lọ tí wọ́n tà nígbà tó jáde ní 1962, abájọ tó fi pọ̀ ní àlòkù.

Ká sòótọ́, ìdajì ẹ̀fẹ̀ náà ò yé mi. Wọn á dárúkọ ẹnì kan, àwọn tó wà níbẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín, èmi á wá dà bí ẹni tó débi ìnáwó lẹ́yìn tí wọ́n ti palẹ̀ mọ́. Ìyá àgbà tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà ni mo lọ bá. Ọmọ ọdún 14 ni wọ́n nígbà tó jáde, wọ́n sì há a sórí. Èyí tí mo dá lóye fúnra mi ni ibi tí Ààrẹ ti ń pín ohun ìṣeré inú balùwẹ̀ fáwọn ọmọ bí ẹni ń parí ìjà láàárín orílẹ̀-èdè, tó wá ní ẹyẹ rọ́bà jẹ́ tòun. Bàbá ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbi tí mo dàgbà sí!

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo kà pé alẹ́ 22 oṣù kẹwàá 1962 ni wọ́n gbà á sílẹ̀. Alẹ́ yẹn gan-an ni Kennedy ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé Soviet ti gbé ohun ìjà átọ́míìkì dé Cuba. Àwọn òṣèré ti gbọ́. Àwọn tó wá wòran ò tíì gbọ́. Mo tún àwo náà gbọ́. Mi ò ka Meader sí mọ́, ẹ̀rín àwọn yẹn nìkan ni mo ń tẹ́tí sí, ara mi sì ń ṣe gìrìgìrì.

Kennedy ò bínú o. Ó dá àwọn oníròyìn lóhùn pé ohùn náà jọ ti Teddy, àbúrò òun, ju tòun lọ. Ṣùgbọ́n nílé wa ní Nàìjíríà, ní 1964, eré Yorùbá Ronú ni Ògúndé ṣe tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi fòfin dè é. Ó di 1966 kí wọ́n tó gbé òfin náà kúrò.

Nígbà tí wọ́n pa Kennedy ní oṣù kọkànlá 1963, wọ́n kó àwo náà kúrò lórí igbá. Ìyá náà ní bàbá àwọn ti tiwọn bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé e sí i mọ́. Mo yá wọn ní tèmi. Oṣù kẹta rèé, wọn ò tíì dá a padà, mi ò sì tíì béèrè.