Iyọ̀ inú ìkọ́kọrẹ́ fún ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀.

Àbúrò wa kan ní Ẹpẹ, ẹni ọdún 34, ni wọ́n bá tún òpó iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ tó fún ṣe ní kékeré. Ojú ibẹ̀ kò tún fún mọ́, síbẹ̀ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dé 150/95, torí iṣan náà ṣì máa ń le. Apá ọ̀tún la fi ń wọ̀n ọ́n. Apá òsì lè tanni jẹ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀. Lisinopril, oògùn tó ń mú ìfúnpá wálẹ̀, ló ń lò.

Iyọ̀ òòjọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ pé giramu 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan. Nǹkan bí ìdajì horo magí, iyọ̀ ni, nítorí náà a ti yọ ọ́ kúrò. A ń rẹ ẹja oníyọ̀ sómi lẹ́ẹ̀mejì, a sì ń da omi rẹ̀ nù. Iyọ̀ oní-pòtásíọ̀mù tí wọ́n fi ń rọ́pò iyọ̀ lásán ńkọ́? Rárá o! Tòun ti lisinopril, pòtásíọ̀mù lè pọ̀ lẹ́jẹ̀ títí tí ọkàn yóò fi máa lù ségesège.

Ìkọ́kọrẹ́ nìkan ló kù, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Láìsí magí, irú, edé àti ata mélòó lẹ fi ń se ewùrà kan tí adùn rẹ̀ fi ń pé?

Ẹ ṣeun púpọ̀, a ń retí yín.