Ìbọn Winchester onídẹ tí bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀: ṣé kí a nù ún kí a tó tà á?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀gbọ́n inú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìlú Houston ni èmi àti ọkọ mi, tí ó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ń gbé. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú lóṣù tó kọjá, a bá ìbọn àtijọ́ kan nínú àpótí aṣọ rẹ̀, Winchester ti 1866, irú èyí tí àárín rẹ̀ jẹ́ idẹ, tí wọ́n fi ń pè é ní Yellow Boy. Wọ́n fín ewé àti òdòdó yí idẹ náà ká, wọ́n sì fín àgbọ̀nrín kan sí ẹ̀gbẹ́ òsì, débi pé a lè ka ẹ̀ka ìwo rẹ̀. Idẹ náà ti ṣú bí oyin tó pẹ́. Mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú, bí ìyá mi ṣe máa ń fọ idẹ, nu ibi kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó tàn yanran, ṣùgbọ́n ojú ọkọ mi yí padà nígbà tí ó rí i, ni mo bá dáwọ́ dúró. Ẹnì kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ ní òun á san dọ́là 2,000 lójú ẹsẹ̀. Ṣé kí a gbà á? Ṣé kí n nu ìyókù?

Ìdáhùn ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún ìbọn ṣe

Àbúrò mi, kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Jọ̀wọ́, má nù ún mọ́. Kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni tó mọ ìbọn yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ọ̀pá ọta tó wà lábẹ́ ẹnu rẹ̀ ń gba ọta tó ju mẹ́wàá lọ, a kò sì lè rí wọn láti ìta. Àwọ̀ tó ṣú yẹn ni àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ ń wá, ẹni tó bá sì ti họ ọ́ kúrò kò lè dá a padà. Nǹkan bí 170,000 irú ìbọn yìí ni wọ́n ṣe. Èyí tí wọ́n fín ní ilé iṣẹ́ Winchester gan-an ló ṣọ̀wọ́n. Conrad, John àti Herman Ulrich wà lára àwọn tó fín ọnà fún Winchester. Ẹ yí i dojú dé, kí ẹ wo ẹ̀yìn ibi tí ìka ti ń fà á: ibẹ̀ ni nọ́ńbà rẹ̀ sábà máa ń wà, lórí àwọn iṣẹ́ kan tí John ṣe, orúkọ rẹ̀ náà wà nítòsí.

Ìdáhùn àbúrò kan

Àǹtí mi, ẹ má jẹ́ kí ẹwà ọnà nìkan dá yín lójú. Mo ti ra irú rẹ̀ rí lọ́wọ́ oníṣòwò kan, ó sì dùn mí dọ́kàn nígbà tí mo mọ̀ pé wọn kò tíì fín in pẹ́: etí idẹ ti jẹ, ó ti ń dán bí òkúta odò, ṣùgbọ́n ojú ọnà ṣì mú bí abẹ. Ọnà tó bá bá ìbọn dàgbà a máa jẹ pẹ̀lú rẹ̀. Ilé ìkóǹkansí Cody Firearms Museum, ní ìlú Cody, Wyoming, ló ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ Winchester; ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí wọn. Kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà irú ìbọn 1866 yìí ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n bí tiyín bá wà níbẹ̀, lẹ́tà wọn lè sọ bóyá ó jáde pẹ̀lú ọnà.

Ìdáhùn ìyá kan

Ọmọ mi, ẹni tó ń kánjú yẹn mọ ìdí tó fi ń kánjú. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 1968 ka ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ sí ohun àtijọ́, àmọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀. Má sì di í mọ́ ẹrù Nàìjíríà láé.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Oníṣẹ́ ìbọn kan nítòsí wa ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ọta nínú rẹ̀. Nọ́ńbà náà hàn kedere. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí J kan, lẹ́yìn náà ìdọ̀tí tó ti gbẹ bo ìyókù. N kò nù ún. Ọ̀la ni a ó kọ̀wé sí Cody.